Ọwọ́ Ta Ló Gbẹ́ Etí Yìí?

Ní kíláàsì àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nǹkan rẹwà. Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlaró, àwọn ọmọ náà a sì ti múra ẹnu sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé: "Mà, ère yìí rẹwà gan-an." Mo máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó ná. Igi wo ni? Irin wo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ? Níbo ni ọ̀bẹ ti wọlé, níbo ló ti jáde? Kí ni ojú rí lóòótọ́, yàtọ̀ sí ohun tí ọkàn ń rò pé ojú rí? Àwọn kan á bínú, wọ́n á ní mo ti le jù. Mo le lóòótọ́. Ẹni tí kò bá lè wo nǹkan dáadáa, kí ló fẹ́ sọ fún mi nípa rẹ̀?

Lẹ́yìn wíwò ni a ó tó béèrè ìtumọ̀: kí ni ejò ń ṣe lórí gèlè ère, kí ló dé tí ẹyẹ fi bà síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, àwọn wo ló ń lò ó, ìgbà wo ni wọ́n ń gbé e jáde, ọwọ́ ta ló ti kọjá kó tó dé ibi tí a ti bá a. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ ìyẹn ni mo máa ń sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù fún wọn, bí a ṣe ń mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí kò kọ orúkọ sí i. Mo máa ń ní kí wọ́n má wo ojú, kí wọ́n má wo ẹnu. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò, agbẹ́gilére sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Etí ni kí wọ́n lọ wò. Nídìí etí, ọwọ́ á máa ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó ni ín kò tiẹ̀ ní í fura.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn, àwọn tó wà láàárín wa kò dúró. Agbẹ́gilére ni, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn oníjó ń gbé sórí ló sì mọ̀ ọ́n gbẹ́ jù. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gé iṣan àtàǹpàkò rẹ̀ òsì, àtàǹpàkò náà kò sì ká dáadáa mọ́. Ẹ kò ní í mọ̀ tó bá ń jẹun. Ẹ kò ní í mọ̀ tó bá ń gbẹ́ imú ère. Ṣùgbọ́n tó bá dé ìdí etí òsì, níbi tó yẹ kó ti fi ọwọ́ náà yí igi bí ọ̀bẹ ṣe ń lọ, igi náà kì í yí tán. Gbogbo etí òsì tó bá gbẹ́ máa ń wá sílẹ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ìlà inú rẹ̀ a sì dúró lójijì láì tíì yí po. Mo ya fọ́tò wọn, mo ń fi han kíláàsì. Ó mọ̀. Tísà ló máa ń pè mí. Ó ní, "Tísà, àbùkù ara mi lo fi ń jẹun níbẹ̀ yẹn o."

Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní òdìkejì bọ́dà, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìdí-Ìrókò, ní apá ibi tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó. Kì í ṣe òkè òkun lójú wa. Èdè kan náà là ń sọ, àwọn ìbátan wa mìíràn sì ní oko níhìn-ín, wọ́n ní ilé lọ́hùn-ún. Ó lè mu ẹ̀kọ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀, kó gun ọ̀kadà dé Ìdí-Ìrókò, kó wọkọ̀ gba Owódé, kó sì bá wa jẹun ọ̀sán ní Ìlaró. Ó máa ń mú búrẹ́dì gígùn wọn yẹn dání fún Màámi, torí Màámi gbà pé kò sẹ́ni tó mọ búrẹ́dì ṣe ní Nàìjíríà.

Agbo ilé wa ti bẹ̀ ẹ́ kó gbẹ́ ère méjì fún ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń bọ̀. Méjì-méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde lọ́dọ̀ wa, aṣọ wọn á bára mu, ojú ère wọn á sì jọra. Ó gbé ọ̀kan wá, ó gbé e sílẹ̀ ní yàrá Màámi. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ la igi ìkejì ni, òun á gbé e wá kí oṣù tó lé. Màámi ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ti agbo ilé ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ìyá ni wọ́n sì ń fi yẹ́ sí, kò sì rí ohun tó burú nínú kí iṣẹ́ ọmọ òun wà lẹ́bàá ẹní ìkírun òun. Kí oṣù tó lé, ìjọba ti bọ́dà pa.

Fún àwọn tí kò gbé apá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ìròyìn lásán nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ mọ́, ayé sì ti yí padà. Àwọn ọkọ̀ ńlá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Owódé, àwọn awakọ̀ ń na ẹní sábẹ́ wọn. Ilé epo kò rí epo tà. Àwọn obìnrin tó ń gbé ìrẹsì wọlé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ara wọn. Màámi kò béèrè ìrẹsì, kò béèrè epo. Ó gbọ́ rédíò tán, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ẹ ò sọ fún wọn pé ọmọ mi wà lọ́hùn-ún ni?"

Mo lọ sí Ìdí-Ìrókò. Mo gbé gàrí àti ẹ̀fọ́ gbígbẹ dání bí ẹni pé kò sí oúnjẹ níbi tó wà. Ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba fi sùúrù dá mi lóhùn, ó ní, "Mà, ẹ má bínú, ẹ padà sílé, àṣẹ ni." Mo dúró. Mo rí àwọn ènìyàn lódìkejì, wọ́n ń rìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lọ nínú aṣọ kakí wọn. Inú bí mi débi pé mo gbé gàrí náà fún ẹni tó kọ́kọ́ kí mi, mo sì wọkọ̀ padà.

Fóònù ló kù fún wa. Ibì kan wà ní ìpẹ̀kun oko àna rẹ̀ tí láìnì Nàìjíríà ti máa ń wọlé díẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń rìn lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ láti kí Màámi. Tí wọ́n bá ti ṣàdúrà tán, Màámi á gbé fóònù fún mi. Ní Jímọ̀ kan, ó bi mí ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo sọ fún un pé èrò kan wà nínú iṣẹ́ wa tó ní kí a ka ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà sí òkú. Kò béèrè pé kó kú lóòótọ́. Ohun tó ń sọ ni pé tí ère bá ti kúrò lọ́wọ́ agbẹ́gilére, ohun tó ní lọ́kàn kò kàn wá mọ́, àwọn tó ń wo ère ni wọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa kọ́ wọn ní èrò yìí nígbà náà, nítorí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì, èmi sì fẹ́ràn ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, "Ẹ ti sin mí níléèwé yín nìyẹn! Ẹ kú ìnáwó o, Tísà."

Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Jímọ̀ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè dípò rẹ̀. Ó ní ọ̀fun ló ń dùn ún, dókítà ní kó má sọ̀rọ̀, kó ṣe ripó. Bí wọ́n ṣe ń pe ìsinmi lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Mo ní kó gbé fóònù sí i létí kí n kàn kí i. Ó ní ó ń sùn. Mo ní mò ń bọ̀, n ó gba ọ̀nà igbó láti apá Ìpókíá bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbà. Ó pariwo mọ́ mi lórí fóònù, ó ní ọ̀nà náà kò dára, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé kí n má ṣe wá. Mo rò pé ààbò mi ló ń wá ni. Màámi fi ọ̀fun náà sínú àdúrà rẹ̀, ó ń dárúkọ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìrun.

Ọ̀nà igbó yẹn náà ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin gbà wọlé tọ̀ wá wá. Orí ọ̀kadà ló wà, ó gbé àpò gbágùúdá sáyà. Ó tú u ní ìyẹ̀wù Màámi, ère kejì sì jáde. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni, ó ní kí òun kí wa. Gbogbo agbo ilé tú jáde. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, Màámi ń fọwọ́ pa ère náà lórí, ó ń kí i bí ẹni pé ó ti ọ̀nà jíjìn dé. Inú mi dùn. Ẹni tó ń gbẹ́ ère, ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn.

Mo gbé èkínní wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì nìyẹn. Tí a bá gbé nǹkan méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú á rí ohun tí kò ní í rí lára ọ̀kan ṣoṣo. Mo wo iwájú orí, tirẹ̀ ni. Ìpéǹpéjú tó wúwo yẹn, tirẹ̀ ni. Ẹnu tó yọ síta díẹ̀ bí ẹnu ẹni tó fẹ́ tọrọ omi, kò sí ẹlòmíràn tó ń gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo wá dé ìdí etí. Méjèèjì wà lọ́gbọọgba. Ìlà inú ti òsì yí po, ó pé, ó mọ́ tónítóní. Mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo tún fọwọ́ tọ́ ọ. Etí náà dára ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti kú.

Mo jà pẹ̀lú ìmọ̀ náà. Mo ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, bóyá ó ní kí ẹnì kan ran òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mò ń sọ. Etí ló máa ń gbẹ́ kẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn án. Tó bá ti gbẹ́ ẹ tán, á ju ọ̀bẹ sílẹ̀, á sì béèrè oúnjẹ. Mo gbójú sókè wo àna wa. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ní, "Ta ló gbẹ́ etí yìí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n náà ni, mà."

Mo ní, "Ọwọ́ ta ló gbẹ́ etí yìí?"

Ó bú sẹ́kún. Ó ní ibà pọ́njú ni, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù níbẹ̀, àwọn yẹn sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n ti sin ín kí ìyàwó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀fun fún wa. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́, wọ́n sì mọ̀ pé Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló parí ère náà. "A ò lè gbé e wá fún yín láìlétí, mà. Ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ ló pè é sídìí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kó fara balẹ̀ gbẹ́ etí yẹn dáadáa, torí Tísà máa wò ó."

Mo fẹ́ bú u. Mo fẹ́ bú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹni tó gbẹ́ etí, àti bọ́dà, àti ẹni tó tì í. Mo di ògiri ilé ìdáná mú, mo sì ń gbọ́ orin àwọn obìnrin nínú ilé.

Màámi ló pè mí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti bí ọdún díẹ̀, kò rí nǹkan wínníwínní mọ́. Mo bomi bọ́jú, mo wọlé. Ó gbé ère náà lé itan.

"Tísà, ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, bá mi wò ó. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ni, àbí?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni, Màámi."

"Etí ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gbẹ́ ẹ ní wíwọ́?"

"Rárá o. Ó gún dáadáa báyìí."

Ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Alhamdulillahi! Ọwọ́ ọmọ mi ti ń ká nìyẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ fún àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí agbo ilé, ó sì pè wá jọ. Èmi ní kí a sọ fún Màámi. Àwọn àgbà kọ̀. Wọ́n ní àkọ́bí rẹ̀ ni, wọ́n ní ara rẹ̀ kò gbà á, wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ ná. Bàbá náà sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn mi orí sí: "Bọ́dà ṣáà wà ní títì." Bí a ṣe fi bọ́dà bo òkú ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀ nìyẹn. Kí ló dé tí kò wá? Wọ́n ti bọ́dà. Kí ló dé tí kò pè? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò dára láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà. Ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé, ère méjèèjì jáde, àwọn ènìyàn yìn wọ́n. Màámi jókòó síwájú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í pé ọmọ òun ló gbẹ́ ẹ, bọ́dà ni kò jẹ́ kó wá wò ó. Èmi kò lè wo etí ère náà. Mo ń wo ẹsẹ̀ oníjó títí wọ́n fi wọlé.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo tún dé ibi tí ìwé ẹ̀kọ́ ti ní kí a ka oníṣẹ́ ọnà sí òkú. Mo kọ àkọlé rẹ̀ sójú pátákó. Ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé nawọ́, ó ní òun fara mọ́ èrò náà, pé kí ló kàn wá bóyá ẹni tó gbẹ́ ère kan wà láàyè tàbí kò sí, ère náà ṣáà wà níbẹ̀. Ohun tí èmi náà ti sọ láìmọye ìgbà ni. Mo ní kó jókòó, mo sì jágbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó má bínú. Mo sọ fún wọn pé èrò náà wúlò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, yóò wá nínú ìdánwò. Mo ní ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, bóyá kò bá ẹni tó gbẹ́ ère jẹun rí. Mo nu pátákó, mo jáde. Mo jókòó sínú ọ́fíìsì mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe yẹ kí n ti sunkún láti ọjọ́ yìí wá.

Rédíò ló tún mú un wá. Wọ́n ní ìjọba ti ṣí bọ́dà. Ariwo sọ ní Ìlaró, àwọn ọlọ́kadà ń tẹ fèrè, àwọn obìnrin onírẹsì ń dì mọ́ ara wọn lójú títì. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, Màámi ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ fún Iléyá. Ó ní kí n lọ ra ẹja àrọ̀ tó tóbi, torí ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ ẹja kékeré. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ Owódé ti ń wọlé. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì, ó tún gbé e síbẹ̀. Àwọn àgbà ní kí n ní sùúrù, wọ́n ní àwọn máa bá lémọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀, wọ́n máa jọ wá tù ú nínú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo wo Màámi lórí àpótí yẹn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró ló ń nàgà sí. N kò lè dúró de Jímọ̀.

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Màámi."

Ó ní, "Ó ti dé?"

"Kò lè wá mọ́, Màámi. Ó ti lọ. Ó ti pẹ́."

Ó wo ojú mi lọ, ó wò ó bọ̀, bó ṣe ń sapá láti rí mi. Ó ní, "Kí wọ́n tó gbé ère yẹn wá ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo ní, "Kí wọ́n tó gbé e wá ni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ Owódé kan dúró, àwọn èrò ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹrù lórí. Màámi yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Lọ sọ fún wọn, ọmọ mi. Kí wọ́n tún ti bọ́dà yẹn pa."